Abiyamọ, Iṣẹ́ Oṣù àti Ọmọ Ọwọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ọmọ sínú ìyá rẹ̀, tí ó sì ti pèsè oúnjẹ ọmọ náà sí àyà ìyá kí ó tó wá sí ilé ayé. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kankan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun ní Òun nìkan, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrúsìn Rẹ̀ ni, Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, a ń gba ara wa níyànjú, a sì ń gba ẹ̀yin náà níyànjú, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a fi ọwọ́ ara wa yàn. Tọkọtaya kan ni wọ́n gbé e wá bá wa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n wọlé sí yàrá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí. Ọmọ tuntun wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tí ó jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta sì di aṣọ bàbá rẹ̀ mú. A kò ní dárúkọ wọn, a sì ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn kí a tó sọ ọ́ níbí. Káfíńtà ni ọkọ. Olùkọ́ ni ìyàwó ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nínú ìlú Ilé-Ifẹ̀ yìí. Ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lọ́jọ́ náà, iléèwé sì ti ránṣẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́, àwọn yóò gba ẹlòmíràn.

Ọkọ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: “Ààfáà, mo ti sọ fún un pé kí ó jókòó ti ọmọ. Wọ́n ní obìnrin tí ó bá gbé ọmọ ọwọ́ fún ẹlòmíràn nítorí owó, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń dá.” Ìyàwó wo ilẹ̀ títí, ó wá ní: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá jókòó, kí ni a óò máa jẹ?” Nígbà tí a bi ọkọ léèrè pé ta ni ó sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ojú tì í díẹ̀. Ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin náà ni ẹ sọ ọ́, lórí mínbárì.”

Òtítọ́ ni ó sọ. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn tí a dúró síbí yìí, tí a mú ẹsẹ 33 nínú Suratul-Ahzāb, tí a sì fi na àwọn ìyá wa bí ẹni fi ẹgba na ọmọ kéú. A ní kí obìnrin jókòó sílé rẹ̀. A ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ọmọ òrukàn. Àwọn ọkùnrin mi orí, ó sì dùn mọ́ wa nínú. Ohun tí a fi sílẹ̀ láìsọ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ohun tí a sọ lọ. A kò sọ pé àwọn ìyàwó Ànábì (s.a.w.) ni Ọlọ́hun ń bá sọ̀rọ̀ nínú ẹsẹ náà àti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ mú ẹ̀kọ́ ìtìjú àti ìkóra-ẹni-níjàánu inú rẹ̀ fún gbogbo obìnrin. A kò mẹ́nu kan Saudah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ìyàwó Ànábì, tí ó jáde fún bùkátà rẹ̀ lẹ́yìn tí àṣẹ ìbora ti sọ̀kalẹ̀, tí Umar dá a mọ̀ tí ó sì bá a wí. Ó padà lọ fi ẹjọ́ sun Ànábì, Ànábì sì jẹ́ kí ó yé e pé Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún àwọn obìnrin láti jáde fún bùkátà wọn. Bukhārī ni ó gbà á wá. A kà á ní ilé kéú, a mọ̀ ọ́n lórí, síbẹ̀ a gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí pé kò bá ohun tí a fẹ́ sọ mu. A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun lórí rẹ̀, a sì bẹ ẹ̀yin ìyá wa náà.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí ọ̀rọ̀. Nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 233, Ọlọ́hun tò ó fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn abiyamọ yóò fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ mu ún pé. Oúnjẹ àti aṣọ ìyá wà lọ́rùn bàbá ọmọ, ní ọ̀nà tí ó dára. A kò ní di ẹrù ru ẹnikẹ́ni ju agbára rẹ̀ lọ. A kò gbọdọ̀ fi ọmọ ni ìyá rẹ̀ lára, a kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ ni bàbá rẹ̀ lára. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ọdún méjì tó pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan tí wọ́n sì ti jíròrò, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gba obìnrin mìíràn tí yóò máa fún ọmọ lọ́mú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn náà, bí wọ́n bá ti san ohun tí ó tọ́ fún un.

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ ìjíròrò tí ó wà nínú ẹsẹ yìí. Inú orísun kan náà ni èdè Lárúbáwá ti mú un pẹ̀lú ṣūrā, èyí tí Ọlọ́hun fi pe àpérò àwọn mùsùlùmí lórí ọ̀ràn ìlú. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gbogbo ìjọ mu ni Ọlọ́hun lò fún ọkọ àti ìyàwó lórí ọmú ọmọ kan ṣoṣo. Ọkọ tí ó bá sọ pé “mo ti pàṣẹ, ó ti parí” lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì ka ẹsẹ náà dé ìparí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó tí ó bá ti gba iṣẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó gbọ́.

Àwa tí a ń tẹ̀lé ọ̀nà Ìmáàmù Mālik ní ilẹ̀ yìí, ohun tí ó wà nínú ìwé Rísálà tí Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni pé obìnrin tí ó wà nílé ọkọ yóò fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, àfi bí ó bá jẹ́ irú obìnrin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ nínú àwọn ọ̀nà yòókù ní a kò lè fi ipá mú un ní ilé ẹjọ́, àyàfi bí ọmọ náà bá kọ ọmú ẹlòmíràn. Èyí jẹ́ kí ó hàn pé ọmú ọmọ wúwo lójú àwọn aṣáájú wa. Ó sì tún jẹ́ kí ó hàn pé wọn kò fi ìwọ̀n kan ṣoṣo wọn gbogbo obìnrin. A rò pé àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí mínbárì lóde òní, àwa náà pẹ̀lú, le ju àwọn tí wọ́n kọ ìwé tí a ń kà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù nìyí, ẹ̀yin ọkọ. Nígbà tí tọkọtaya yẹn jókòó, a ní kí wọ́n jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ sórí ìwé. Owó oṣù ìyàwó jẹ́ 35,000 náírà. Jẹ́lé-ó-sinmi tí yóò gba ọmọ yóò gba 12,000. Owó ọ̀kadà ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 500 lójúmọ́. Fún ọjọ́ 22, ó di 11,000. Ohun tí ó kù jẹ́ 12,000 náírà. Bí ó bá wá di pé ọmọ yóò máa mu wàrà inú agolo, agolo mélòó kan lóṣù ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkọ ní: “Ẹ ò rí i? Nítorí 12,000!” Ìyàwó kò sọ nǹkan kan.

A wá bi ọkọ léèrè pé èéṣe tí ó fi yọ owó jẹ́lé-ó-sinmi kúrò nínú owó ìyàwó. Ó ní nítorí pé ìyàwó ni ó ń lọ síbi iṣẹ́. A ní rárá. Ọmọ ta ni? Nínú Suratut-Talāq, ẹsẹ 6, ìyá ọmọ pàápàá, bí ìkọ̀sílẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, bàbá ni yóò san owó rẹ̀. Ìtọ́jú ọmọ, láti oúnjẹ rẹ̀ títí dé owó ẹni tí ń gbé e, ọrùn bàbá ni Ọlọ́hun fi kọ́. Owó tí obìnrin bá fi òógùn ojú rẹ̀ rí, tirẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí Suratun-Nisā', ẹsẹ 32, ti fi ìpín ọkùnrin fún ọkùnrin, tí ó sì fi ìpín obìnrin fún obìnrin. Bí a bá ṣe ìṣirò náà bí Sharia ti ṣe é, 12,000 ti jẹ́lé-ó-sinmi ń jáde láti inú àpò bàbá, ohun tí ó kù lọ́wọ́ ìyá lẹ́yìn owó ọkọ̀ sì jẹ́ 24,000, èyí tí kò di dandan kí ó ná kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ sórí ilé.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé inú ìkòkò kan náà ni gbogbo owó ń wọ̀, àti pé 12,000 ni yóò ṣẹ́kù bí ó ti wù kí a ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà nínú bí a óò ti máa sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ọkọ tí ó mọ̀ pé ojúṣe òun ni ìyàwó òun ń bá òun gbé kò ní sọ pé “nítorí 12,000”. Yóò kí i. Zaynab, ìyàwó Abdullāh ọmọ Mas‘ūd, obìnrin tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, lọ béèrè lọ́dọ̀ Ànábì (s.a.w.) bóyá sàárà òun lórí ọkọ òun àti àwọn ọmọ òrukàn tí ó wà lọ́dọ̀ òun tó fún òun. Èsì tí ó gbà ni pé láádá méjì ni yóò ní: láádá ìbátan àti láádá sàárà. Sàárà ni a pè é. A kò pè é ní ojúṣe. Ẹ̀yin ọkọ tí ìyàwó yín ń ra gààrí sílé, tí ẹ sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ń bọ́ ilé, ẹ wo ẹ̀yìn yín.

Ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa pé ìyá tí ń ṣiṣẹ́ owó jẹ́ ohun tuntun tí òyìnbó kó dé. Halīmah, ọmọ ìran Banū Sa‘d, tí ó tọ́ Ànábì wa, iṣẹ́ olómú ni ó bá wá sí Mẹ́kà, ọmọ ọwọ́ tirẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Asmā', ọmọ Abū Bakr, a máa ru kóró dàbínù lórí láti ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ Zubayr wá sílé, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí bàbá òun fi ọmọ ọ̀dọ̀ ránṣẹ́ láti máa tọ́jú ẹṣin, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ó dá òun sílẹ̀ lóko ẹrú. Ẹ gbọ́, obìnrin Sàhábà ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀lẹ. Àǹtí Jābir, nínú ìddah rẹ̀, gba àyè lọ́wọ́ Ànábì láti lọ ká dàbínù rẹ̀.

Nílé Ifẹ̀ wa níbí ńkọ́? Ìyá tí ó bí wa ta obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Odò-Ògbè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a wà tí a ti kọ́ bí a ti ń ná ọjà. Nígbà tí ebi bá pa wá, yóò fa wá síwájú, yóò fún wa lọ́mú, yóò sì máa bá oníbàárà rẹ̀ dúnàádúrà lọ. Ní àkókò kòkó, àwọn obìnrin a máa pọn ọmọ lọ sí oko ní ojú ọ̀nà Oǹdó, wọn a tẹ́ aṣọ sí abẹ́ igi, ọmọ a sùn, ìyá a máa kó pádi kòkó jọ. Bí obìnrin bá sì ní ọjà ọ̀nà jíjìn, ìyá àgbà wà nílé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ wà nínú agbo ilé. Àwọn baba wa a máa fi ìyá wé òrìṣà. Àwa mùsùlùmí kì í sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ojú wọn rí tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ohun tí ó yí padà ni irú iṣẹ́. Ọjà Odò-Ògbè gba ọmọ mọ́ ìyá. Ọ́fíìsì kò gbà á. Kíláàsì kò gbà á. Báńkì, ilé oògùn, ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ àjùmọ̀wọ̀, kò sí èyí tí ó gbà á nínú wọn. Agbo ilé náà ti tú. Àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní àdúgbò tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ìyá àgbà sì wà ní abúlé, bí òun náà kò bá sí lẹ́nu òwò tirẹ̀. Nítorí náà, obìnrin tí ìyá rẹ̀ kò yan ọ̀kan rí láàárín ọmọ àti owó, òun ni a wá dúró tì pé kí ó yan ọ̀kan. A kò rò pé ó tọ́ kí a máa bi obìnrin yìí léèrè ohun tí a kò bi ìyá wa.

Nípa ti ọmú fúnra rẹ̀, ohun tí àwọn oníṣègùn àjọ ìlera àgbáyé ń sọ ni pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi tàbí àgbo, kí ó sì máa mu ún lọ pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a ń ka Suratul-Baqarah kò ṣe hà sí ọdún méjì náà. Àwọn àgbà ìpínlẹ̀ wa yóò rántí David Morley, dókítà òyìnbó tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní àwọn ọdún 1950, tí ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ó lò níbẹ̀ tàn ká ayé. Ọwọ́ ìyá ni ó fi káàdì náà sí, kì í ṣe ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ó gbà pé ìyá tí ń ṣiṣẹ́ oko tí ó sì ń ná ọjà lè tọ́jú ìwé ọmọ rẹ̀.

Òfin ìjọba pẹ̀lú ní ohun tí ó sọ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 54, fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ìdajì owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ má wọlé fún un ní àkókò náà. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún pẹ̀lú owó wọn pé. Obìnrin tí ó wá bá wa kò gba kọ́bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Bí ọmọ bá ń sunkún ní jẹ́lé-ó-sinmi tí kò jìnnà sí kíláàsì rẹ̀, kò sí ààbọ̀ wákàtí fún un. Owó oṣù tí ó kéré jù lábẹ́ òfin ti di 70,000 náírà láti oṣù keje ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó 25 sílẹ̀. Inú ihò yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn iléèwé aládàáni wa ń gbé. Àwọn agbẹjọ́rò lè máa jiyàn bóyá òfin kan olùkọ́ tàbí kò kàn án. Ìbéèrè Ọlọ́hun lọ́jọ́ ìkẹyìn kò ní gba agbẹjọ́rò.

Ó wà nínú ìjọ yìí, a mọ̀ wọ́n, àwọn tí wọ́n ní iléèwé, tí wọ́n ní ilé ìránṣọ, tí wọ́n ní ilé oògùn. Ọ̀dọ̀ yín ni a fẹ́ gbé ìtàn yìí wá. Ní ayé ìjọba Umar ọmọ Khattāb (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), àwọn oníṣòwò kan dé sí ẹ̀gbẹ́ Mọ̀dínà lóru, Umar àti Abdur-Rahmān ọmọ ‘Awf sì ń ṣọ́ wọn. Umar gbọ́ ẹkún ọmọ ọwọ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní kí ó tọ́jú ọmọ. Ẹkún tún dé, ó tún lọ. Nígbà tí ó di ìdájí tí ọmọ náà kò dákẹ́, Umar bá obìnrin náà wí pé ìyá burúkú ni. Obìnrin náà kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń gbìyànjú láti já ọmọ lẹ́nu ọmú ni, nítorí pé Umar kì í fi owó ìjọba fún ọmọ tí kò bá tíì kúrò lẹ́nu ọmú. Oṣù díẹ̀ péré ni ọmọ náà. Umar lọ kí ìrun Súbùhì pẹ̀lú àwọn ènìyàn, ẹkún kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ó ń ké dáadáa. Nígbà tí ó sálámà, ó sọ̀rọ̀ burúkú sí ara rẹ̀ lórí iye ọmọ mùsùlùmí tí àṣẹ òun ti lè pa. Ó ní kí olùkéde jáde láti sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má ṣe fi ìkánjú já ọmọ lẹ́nu ọmú mọ́. Láti ọjọ́ tí a bá ti bí ọmọ ni owó rẹ̀ yóò ti máa wọlé.

Ìyá ni Umar kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Alẹ́ kan péré ni ó fi gbọ́ ẹkún náà dé ìdí, ó sì bá àṣẹ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gba obìnrin síṣẹ́, ẹ lọ wo ìwé owó oṣù yín. Ẹ lọ wò ó bóyá abiyamọ kan wà lọ́dọ̀ yín tí ọmú rẹ̀ ń rọ sí aṣọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún lẹ́yìn ògiri. Ààbọ̀ wákàtí ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní ba òwò jẹ́. Ànábì (s.a.w.) pàápàá a máa dín ìrun kù bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọ nínú mọ́sálásí, nítorí ìyá ọmọ tí ó wà lẹ́yìn. Bí ìrun bá lè dúró de ọmọ, kíláàsì ìṣirò lè dúró dè é.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni tiyín tí ó kù. Nígbà tí wọ́n bi Āishah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé, ó ní ó máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Bí àkókò ìrun bá tó, yóò jáde. Ìyàwó tí ó jí ní aago márùn-ún, tí ó fọ aṣọ ọmọ, tí ó dá iná, tí ó kọ́ ogójì ọmọ ní kíláàsì, tí ó tún dé wá gún iyán, bí ó bá ṣàìsàn, kì í ṣe iṣẹ́ oṣù ni ó pa á. Ẹ̀yin ìyá ọkọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Èyí tí ó lọ síbi iṣẹ́, ẹ ní kò fẹ́ràn ọmọ; èyí tí ó jókòó, ẹ ní ó ń jẹ ọmọ yín tán.

Nítorí pé a mọ̀ pé èyí tí ó jókòó náà ń gbọ́ wa. Bí ó bá wà ní agbára ọkọ láti bọ́ ilé, tí ìyàwó sì fẹ́ láti wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ìjọsìn ni ó ń ṣe, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé àánú ni ọkọ ń ṣe fún un. Oúnjẹ àti aṣọ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́. Nígbà tí Hind fi ahun Abū Sufyān sùn, Ànábì ní kí ó mú èyí tí ó tó òun àti ọmọ rẹ̀ nínú owó ọkọ, níwọ̀n tí ó dára. Ọkọ tí ó ní kí ìyàwó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó wá ń ka owó ata fún un lójoojúmọ́, tí ó ń béèrè ṣéńjì, ti fi ọmọ ni ìyá ọmọ lára, ohun tí ẹsẹ 233 sì kọ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí a sọ fún tọkọtaya wa. A kò sọ fún un pé kí ó lọ, a kò sì sọ pé kí ó jókòó. A ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyíkéyìí, bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ ẹni tí a lè fọkàn tán, tí a kò sì fi ọmú dù ú. A wá bi ìyàwó léèrè ohun tí kò tíì sọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ń kàwé ní iléèwé yẹn ní ìdajì owó nítorí òun. Ó ní bí òun bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún méjì, ìwé-ẹ̀rí NCE òun yóò wà nínú àpótí, iléèwé mìíràn yóò sì fẹ́ ẹni tí ó kéré sí òun lọ́jọ́ orí. Ọkọ kò mọ èyí àkọ́kọ́ rí. Ó rò pé gbogbo owó iléèwé ni òun ń san. Wọ́n wo ara wọn. Ìjíròrò tí Ọlọ́hun sọ, ìgbà yẹn gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé ìyàwó yóò bẹ iléèwé kí òun máa ṣiṣẹ́ di agogo méjìlá ọ̀sán títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ní ìdajì owó. Ọkọ yóò máa gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọmú ní agogo mẹ́wàá, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà. Káfíńtà tí yóò pa ayùn tì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti gbé ọmọ rìn gba títì kọjá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Títí di àná, iléèwé náà kò tíì fèsì, ọjọ́ tí wọ́n sì dá fún un ni Mọ́ńdè tí ń bọ̀ yìí.

Ní tiwa níbí, ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ti gbà pé kí a kó àwọn àga tí ó ti kán kúrò nínú yàrá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá. Ìyá méjì nínú ẹgbẹ́ Àsálátù ti yọ̀ǹda ara wọn láti máa jókòó níbẹ̀ láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ di ìgbà Alásárì, Mọ́ńdè sí Jímọ̀, fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń tajà ní àgbègbè yìí. Ìyá ọmọ lè wọlé nígbàkigbà láti fún ọmọ lọ́mú. A kò ní gba owó, ṣùgbọ́n àwọn ìyá méjèèjì náà gbọ́dọ̀ jẹun, nítorí náà àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà fún wọn nìkan. A nílò ẹní mẹ́rin, àwọ̀n ẹ̀fọn, ike omi, àti ẹni tí ó mọ bí a ti ń tún fèrèsé ṣe. Káfíńtà kan ti ní òun yóò ṣe ti fèrèsé.

Olúwa wa, ṣe àánú fún àwọn òbí wa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tọ́ wa ní kékeré. Jẹ́ kí ọmú àwọn abiyamọ wa máa sun, kí Ó sì la ọ̀nà hálálì fún àwọn bàbá. Ẹ dìde, ẹ to sàfù yín dọ́gba, kí a kírun.